Ìwádìí háídíréètì mẹ́tánì pẹ̀lú ìró lábẹ́ òkun Nàìjíríà

Ìwádìí háídíréètì mẹ́tánì pẹ̀lú ìró lábẹ́ òkun Nàìjíríà ni iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí a fi ń rán ìró láti ara ọkọ̀ ojú omi lọ sí abẹ́ òkun, tí a sì ń gba ìró tí ó ta padà, kí a lè mọ ibi tí háídíréètì mẹ́tánì wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Háídíréètì mẹ́tánì jẹ́ ohun líle funfun bíi yìnyín, nínú èyí tí omi ti há gáàsì mẹ́tánì mọ́. Ní Nàìjíríà, ibi tí a ti mọ̀ ọ́n jù lọ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ abẹ́ òkun tí ó wà níwájú Niger Delta, ní apá Òkun Àtìláńtíìkì tí a ń pè ní Gulf of Guinea.

Ìró ni ó fi bí háídíréètì yìí ṣe lè tàn kálẹ̀ tó hàn, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí a fà jáde láti inú òkun ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan orílẹ̀-èdè yìí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwọn oko epo rọ̀bì inú òkun jíjìn bíi Bonga, Agbami, Akpo àti Egina wà níbi tí omi ti jìn tó, tí ó sì tutù tó, fún háídíréètì láti dúró nínú ilẹ̀.

Orúkọ àti ìtàn ìmọ̀ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà "háídíréètì" wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí omi. Ní 1811, Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́místrì ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé gáàsì kílórínì àti omi lè di ohun líle kan ṣoṣo. Ní 1823, Michael Faraday wọn ìwọ̀n gáàsì àti omi tí ó wà nínú ohun líle náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, inú yàrá ìwádìí nìkan ni a ti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní 1934, E. G. Hammerschmidt fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ohun tí ó ń dí àwọn páìpù gáàsì lọ́wọ́ kì í ṣe yìnyín lásán, bí kò ṣe háídíréètì. Láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ní Soviet Union rí i pé háídíréètì wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Siberia. Láti ìgbà náà ni a ti ń wá a kiri nínú ilẹ̀ olótùútù àti lábẹ́ òkun.

Bí háídíréètì mẹ́tánì ṣe ń wà

Nínú háídíréètì, àwọn mólékù omi so pọ̀ yí mólékù mẹ́tánì ká, gẹ́gẹ́ bí àgò ṣe ń bo adìẹ. Omi kò bá mẹ́tánì pò. Ó kàn há a mọ́ ni. Nítorí pé mẹ́tánì há sínú àgò yìí ní fífún, mítà kúbíìkì háídíréètì kan ṣoṣo, bí ó bá yọ́, lè tú gáàsì tí ó tó mítà kúbíìkì 164 sílẹ̀, pẹ̀lú omi tí ó tó 0.8 mítà kúbíìkì. Bí a bá ṣáná sí i lójú afẹ́fẹ́, yóò jó.

Ohun mẹ́ta ni háídíréètì nílò kí ó tó lè wà: gáàsì tí ó pọ̀ tó, òtútù, àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí ó ga. Òkun jíjìn ní méjì tí ó kẹ́yìn. Níbi tí omi ti jìn tó 1,200 mítà, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ omi tó ìlọ́po 120 ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí ilẹ̀, ìwọ̀n ìgbóná ibẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bíi 4 °C lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú òkun lókè gbóná bí omi etíkun Èkó. Ní ẹkùn olóoru bíi tiwa, háídíréètì mẹ́tánì kì í sábà dúró níbi tí omi kò bá jìn ju nǹkan bíi 500 mítà lọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń gbóná sí i. Ó ní ibi tí ìgbóná náà yóò dé tí háídíréètì kò ní lè dúró mọ́. Lókè ààlà yìí, gáàsì lè di líle. Nísàlẹ̀ rẹ̀, gáàsì yóò wà bí gáàsì, nínú àwọn àlàfo kéékèèké tí ó wà láàárín ẹrẹ̀. Ààlà yìí ni ìró máa ń rí jù lọ.

Bí ìró ṣe ń wo abẹ́ òkun

Ìmọ́lẹ̀ kì í lè wọ inú omi òkun jìnnà, ṣùgbọ́n ìró a máa rìn jìnnà nínú omi àti nínú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà a máa fi ìka kàn án, kí ó lè fi etí mọ̀ bóyá ó ti sán níbi tí ojú kò tó. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń lò fún ìsàlẹ̀ òkun.

Ọkọ̀ ìwádìí a máa fa ohun èlò méjì tẹ̀ lé ara rẹ̀ nínú omi. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń pè ní ìbọn afẹ́fẹ́. Kì í yin ọta. Afẹ́fẹ́ tí a ti fún pọ̀ ni ó ń tú sínú omi lójijì, léraléra, bí ọkọ̀ náà ti ń lọ. Èkejì ni okùn tí ó lè gùn tó kìlómítà mélòó kan, tí a to ẹ̀rọ agbọ́-ìró sí lára. Ìró ìbọn náà yóò kọjá nínú omi, yóò kan ìsàlẹ̀ òkun, apá kan yóò ta padà, apá tí ó kù yóò sì wọ inú ilẹ̀ lọ láti kan ìpele mìíràn. Àwọn ẹ̀rọ agbọ́-ìró yóò kọ àkókò tí ìró kọ̀ọ̀kan padà dé àti bí ó ṣe lágbára tó.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìró ń rìn nǹkan bíi 1,500 mítà nínú omi òkun ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìró bá lọ sí ìsàlẹ̀ òkun tí ó sì padà dé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.6, àpapọ̀ ìrìn rẹ̀ jẹ́ 2,400 mítà. Nítorí náà omi ibẹ̀ jìn ní 1,200 mítà. Bí ìró mìíràn bá tún padà dé ní ìṣẹ́jú-àáyá 0.3 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, tí ìyára rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ sì jẹ́ 1,700 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìpele tí ó ti ta padà wà ní nǹkan bíi 255 mítà lábẹ́ ìsàlẹ̀ òkun.

Ìyàtọ̀ láàárín ìpele méjì, ní ti ìyára ìró àti ní ti ìwúwo, ni ó ń mú kí ìró ta padà. Nínú ẹrẹ̀ tí omi kún, ìyára ìró kì í sábà ju 1,500 sí 1,800 mítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú háídíréètì tí kò ní àdàlù, ó ju 3,600 mítà lọ. Nínú ẹrẹ̀ tí gáàsì wà, ó lè rẹlẹ̀ ju ti omi lásán lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, háídíréètì ń mú kí ìró yára, gáàsì sì ń fà á sẹ́yìn.

Irú ìró tí a bá lò tún ṣe pàtàkì. Ìró olóhùn ìsàlẹ̀ ń wọ ilẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n kì í fi ohun kékeré hàn. Ìró olóhùn òkè ń fi ohun kékeré hàn, ṣùgbọ́n kì í wọ ilẹ̀ jìnnà. Ìdí nìyí tí a fi ń lo ju ẹyọ ohun èlò kan lọ níbi kan náà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ agbọ́-ìró kalẹ̀ sórí ìsàlẹ̀ òkun gan-an, kí ó lè gba irú ìgbì tí kì í la inú omi kọjá.

Ìlà BSR

Nínú àwòrán tí a fi ìró yà, ààlà tí ó wà láàárín háídíréètì lókè àti gáàsì nísàlẹ̀ sábà máa ń hàn bí ìlà tí ó mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní BSR, èyí tí í ṣe ìkékúrú orúkọ kan tí ó túmọ̀ sí ìró àtapadà tí ó ń fara wé ìsàlẹ̀ òkun. Àmì mẹ́ta ni a fi ń dá a mọ̀:

1. Ó ń tẹ̀ lé bí ìsàlẹ̀ òkun ṣe rí, níbi tí ó bá ga àti níbi tí ó bá rẹlẹ̀, nítorí pé ìgbóná àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni ó ń darí rẹ̀. Ó lè gé àwọn ìpele ẹrẹ̀ kọjá ní ìdábùú, èyí tí ìpele ilẹ̀ lásán kì í ṣe.

2. Ìgbì tí ó ta padà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dojú kọ òdìkejì ìgbì ti ìsàlẹ̀ òkun. Ní ìsàlẹ̀ òkun, ìró ń kúrò nínú omi bọ́ sínú ohun tí ó le ju omi lọ. Ní BSR, ó ń kúrò nínú ohun líle bọ́ sínú ẹrẹ̀ tí gáàsì ti mú rọ̀.

3. Jíjìn rẹ̀ bá ibi tí ìṣirò ìgbóná àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sọ pé háídíréètì yóò parí sí mu.

Blake Ridge, ní ìlà-oòrùn etíkun Amẹ́ríkà, ni ibi tí a ti kọ́kọ́ ṣàlàyé ìlà yìí dáadáa. Ní 1971, Robert Stoll, John Ewing àti George Bryan so ìyára ìró tí ó ṣàjèjì níbẹ̀ mọ́ háídíréètì.

Ìwádìí ní òkun Nàìjíríà

Niger Delta dára fún irú ìwádìí yìí nítorí bí a ṣe dá a. Láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni odò Ọya ti ń kó yanrìn, amọ̀ àti àjẹkù ewéko wá sí òkun. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ti ga tó ọ̀pọ̀ kìlómítà. Bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti ń jẹrà, tí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ń gbóná, gáàsì ń jáde. Ìwúwo ẹrẹ̀ náà tún ń mú kí ilẹ̀ sán, kí ó sì máa yọ̀ lọ sí ìhà òkun jíjìn. Inú àwọn ojú ibi tí ilẹ̀ ti sán wọ̀nyí ni gáàsì ń gbà gòkè wá sínú ẹrẹ̀ olótùútù, tí ó sì ń di háídíréètì.

Àwọn iléeṣẹ́ elépo ni ó kọ́kọ́ ní àwòrán ìró tí ó pọ̀ nípa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí, nítorí pé epo rọ̀bì ni wọ́n ń wá lọ. Ní 1997, Martin Hovland àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa ìwọ̀n háídíréètì àti gáàsì tí ó wà níwájú Niger Delta. Ní 2000, Robert Cunningham àti Rosemarie Lindholm lo àwòrán ìró láti fi hàn pé háídíréètì tàn kálẹ̀ ní òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún yẹn kan náà, James Brooks àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn háídíréètì tí a fà jáde nínú ẹrẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Nàìjíríà. Nípa èyí, ohun tí etí gbọ́ di ohun tí ọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn èyí, Ifremer, àjọ ìwádìí òkun ti ilẹ̀ Faransé, gbájú mọ́ àwọn kòtò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun náà, níbi tí omi ti jìn ju 1,000 mítà lọ. Àwọn kòtò yìí rí bí abọ́ tí a tẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Àwọn kan fẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ní 2008, nínú ìrìn-àjò ìwádìí tí a ń pè ní ERIG3D, a lo SYSIF, ohun èlò ìró tí a ń fà nítòsí ìsàlẹ̀ òkun dípò kí a fà á lójú omi. Nítorí pé ó sún mọ́ ilẹ̀, ohun kékeré tí ọkọ̀ ojú omi kò lè rí láti òkè hàn nínú àwòrán rẹ̀.

Ní 2010, Nabil Sultan ti Ifremer àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí háídíréètì tí ń yòrò sínú omi jẹ́ ohun tí ó ń dá àwọn kòtò náà sílẹ̀: bí ó bá ti yòrò, ilẹ̀ orí rẹ̀ yóò rì. Ní 2011, ọkọ̀ Pourquoi pas? tún padà lọ nínú ìrìn-àjò Guineco-MeBo. Ó gbé MeBo dání, ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ ti ibùdó MARUM ní Yunifásítì Bremen ní Jámánì, èyí tí a ń gbé ka ìsàlẹ̀ òkun, tí a sì ń darí láti inú ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà gbẹ́ inú háídíréètì gan-an.

Èsì rẹ̀ yí èrò padà. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, Sultan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé dídàgbà háídíréètì lọ́nà tí ó yára ni ó ń darí àwọn kòtò náà jù lọ, àti pé yíyòrò rẹ̀ lọ́ra. Wọ́n rí ibi tí gáàsì àti háídíréètì ti wà papọ̀ nítòsí ìsàlẹ̀ òkun, àti ibi tí ìwọ̀n ìgbóná ti ga ju bí ó ṣe yẹ lọ, èyí tí í ṣe àmì pé háídíréètì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì ni. Kòtò náà kò yí padà láàárín ọdún méjèèjì. Òye ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó yí padà.

Ohun tí ìró kò lè sọ

Ẹni tí ó kan ìkòkò lè mọ̀ pé ó ti sán, ṣùgbọ́n kò lè mọ bí omi tí yóò jò yóò ti pọ̀ tó. BSR rí bẹ́ẹ̀. Gáàsì díẹ̀ péré nínú ẹrẹ̀ tó láti dín ìyára ìró kù gan-an, nítorí náà ìlà tí ó mọ́lẹ̀ kedere kì í ṣe ẹ̀rí pé gáàsì tàbí háídíréètì pọ̀ níbẹ̀. Ní òdìkejì, àìsí ìlà kì í ṣe ẹ̀rí pé háídíréètì kò sí. Ní 1995, nígbà tí ètò Ocean Drilling Program gbẹ́ ihò sí Blake Ridge, a rí háídíréètì ní ojúkò 994, níbi tí BSR kò ti hàn rárá.

Irú ẹrẹ̀ tí háídíréètì wà nínú rẹ̀ tún ń da ìṣirò rú. Nínú yanrìn, ó máa ń kún àlàfo tí ó wà láàárín horo yanrìn. Nínú amọ̀, bíi ti àwọn kòtò Nàìjíríà, ó máa ń wà bí iṣan, bí pẹlẹbẹ tàbí bí kóróró nínú ojú ibi tí amọ̀ ti sán. Ìró tí ó gba òòró kọjá àti èyí tí ó gba ìbú kọjá lè má sọ ohun kan náà nípa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn ìṣirò àgbáyé fi yàtọ̀ síra. Ní 2004, Alexei Milkov ṣírò gáàsì inú háídíréètì abẹ́ òkun gbogbo ayé sí mítà kúbíìkì 1 × 10¹⁵ sí 5 × 10¹⁵; àwọn ìṣirò ìṣáájú ga ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Iye gáàsì èyíkéyìí tí a bá gbé ka orí àwòrán ìró nìkan, láìsí ihò tí a gbẹ́, ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra kà á.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì

Ààbò ohun tí a kọ́ sórí ìsàlẹ̀ òkun. Bonga bẹ̀rẹ̀ sí í mú epo jáde ní 2005, Agbami ní 2008, Akpo ní 2009, Egina sì ní ìparí 2018. Gbogbo wọn wà níbi tí omi ti jìn tó 1,000 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo tí ó ń gòkè bọ̀ láti inú kànga gbóná. Bí kànga tàbí páìpù bá gba inú háídíréètì kọjá, ìgbóná rẹ̀ lè yọ́ ọ. Ohun líle yóò di omi àti gáàsì, ilẹ̀ tí ó gbé irin dúró yóò sì rọ̀. Mímọ ibi tí háídíréètì wà ṣáájú kí a tó yan ojú ibi tí a ó gbẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àǹfààní tí ó dájú jù lọ nínú ìwádìí yìí.

Epo àti gáàsì. Ní 2013, Japan fa gáàsì jáde nínú háídíréètì abẹ́ òkun Nankai, nǹkan bíi mítà kúbíìkì 120,000 láàárín ọjọ́ 6, kí yanrìn tó ya wọ inú kànga náà. Ní 2017, China fà á jáde fún ọjọ́ 60 ní Shenhu. Háídíréètì inú amọ̀ ṣòro láti fà jáde ju ti inú yanrìn lọ. Nàìjíríà sì ní gáàsì lásán tí ó pọ̀ nínú ilẹ̀, tí ó rọrùn láti dé ju èyí lọ.

Ojú-ọjọ́. Láàárín 100 ọdún, agbára mẹ́tánì láti mú ayé gbóná tó nǹkan bíi ìlọ́po 28 ti kábọ́nù dáyọ́ksáìdì, bí ìwúwo méjèèjì bá dọ́gba. Èyí kò túmọ̀ sí pé háídíréètì òkun jíjìn fẹ́ tú dà sójú ọ̀run. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ àti inú omi ń jẹ apá tí ó pọ̀ jù nínú mẹ́tánì tí ó bá jáde kí ó tó dé òkè.

Ipa lórí ẹja àti apẹja

Ìró ìbọn afẹ́fẹ́ kò kọjá láìfọwọ́ kan ohun abẹ̀mí inú omi. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 1996 láti Òkun Barents fi hàn pé iye ẹja tí àwọ̀n ń kó dín kù ní nǹkan bí ìlàjì nígbà tí irú iṣẹ́ yìí ń lọ lọ́wọ́. Òmíràn ní 2017, láti Tasmania, fi hàn pé àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ẹja ń jẹ kú ní ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà 1.2 sí ìbọn náà. Láti dín ewu kù, àwọn ọkọ̀ ìwádìí a máa fi ìró kékeré bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó mú un ga díẹ̀díẹ̀, kí ẹran omi lè sá kúrò níbẹ̀.

Ibi tí háídíréètì wà jìnnà sí etíkun ju ibi tí ọ̀pọ̀ apẹja Ìlàjẹ àti àwọn apẹja mìíràn ń na àwọ̀n sí. Ṣùgbọ́n ohun èlò kan náà ni a fi ń wá epo rọ̀bì nítòsí etíkun, okùn tí ọkọ̀ ń fà sì gùn tó láti gé àwọ̀n. Nítorí náà, sísọ ọjọ́ àti ojú ibi iṣẹ́ fún àwọn apẹja ṣáájú jẹ́ ara ìlànà tí ó yẹ, ibi yòówù kí a ti ṣe é.

Ẹ tún wo

Mẹ́tánì
Niger Delta
Epo rọ̀bì ní Nàìjíríà
Ìyípadà ojú-ọjọ́
Òkun Àtìláńtíìkì